Wọ́n gbà mí síṣẹ́ láìfi ojú mi gbolẹ̀: ṣé òótọ́ ni?

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún mẹ́rin nìyí tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú oníbàárà. Lóṣù tó kọjá mo kọ̀wé wáṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tí gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń ti ilé wọn ṣiṣẹ́. Iye owó oṣù, láti èyí tó kéré jù dé èyí tó pọ̀ jù, ti wà nínú ìkéde náà kí n tó kọ̀wé. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n fèsì pé ìpele mẹ́ta ni mo máa gbà kọjá, wọ́n sì dárúkọ ẹni tí mo máa bá pàdé ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjì kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí fídíò. Inú ìwé ni wọ́n ti ń ka ìbéèrè, wọ́n sì ń kọ nǹkan sílẹ̀ bí mo ṣe ń dáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n fún mi ní lẹ́tà oníbàárà márùn-ún pé kí n fèsì sí wọn, wọ́n sì sanwó wákàtí tí mo fi ṣe é. Ní ìpele tó kẹ́yìn, ìyáàfin tó máa jẹ́ ọ̀gá mi ṣí lẹ́tà kẹta, ti ọkùnrin kan tí wọ́n yọ owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti ṣàlàyé bí owó rẹ̀ á ṣe padà, ṣùgbọ́n mi ò kíyè sí i pé ọkùnrin náà sọ pé ẹ̀ẹ̀kejì tí òun ń kọ̀wé nìyí, tẹ́nì kan ò dá òun lóhùn. Ìyáàfin yìí fi hàn mí, a sì jọ tún un kọ. Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní wọ́n ti gbà mí. Inú mi dùn, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe rí, omijé ni mo fi wá wọn. Ṣé ohun tó rọrùn báyìí lè jẹ́ òótọ́? Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó tọwọ́ bọ̀wé?"

Àbúrò mi, kú oríire. Mo ka ìwé rẹ lẹ́ẹ̀mejì, inú mi sì dùn sí i gidigidi. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá: mi ò ní bá ọ wí pé ẹ̀rù ń bà ọ́. Ṣùgbọ́n tún ohun tí o kọ wò dáadáa. Ìpele mẹ́ta lo gbà kọjá. O dáhùn ìbéèrè ẹni méjì. O fèsì sí lẹ́tà márùn-ún. Wọ́n fi àṣìṣe rẹ hàn ọ́ lójúkojú, o sì tún un ṣe níṣojú ẹni tó fi hàn ọ́. Èwo ló rọrùn níbẹ̀? Ìyà tí kò nídìí ni wọn ò fi jẹ ọ́. Ó ti mọ́ ọ lára débi pé nígbà tí o ò rí i mọ́, o rò pé iṣẹ́ ọ̀hún fúnra rẹ̀ ni kò sí.

Ọdún kọkànlá mi rèé nídìí ká máa bá àwọn ilé iṣẹ́ tí ò ní ọ́fíìsì gba òṣìṣẹ́. Bí o ṣe ròyìn rẹ̀ yìí, bó ṣe yẹ kó máa rí nìyẹn. Jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi gbà bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà kí n sọ ohun tí o gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò, torí àwọn oníjìbìtì náà mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ dídùn.

Wo ìwé tí àwọn méjì yẹn ń ka ìbéèrè nínú rẹ̀. Ó lè jọ pé wọn ò fẹ́ bá ọ tàkúrọ̀sọ bí èèyàn. Àmọ́ ìwé yẹn ló gbè ọ́. Ojú lọ̀rọ̀ wà, lóòótọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ojú yẹn kan náà ló máa ń tan agbanisíṣẹ́ jẹ: ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀, tó fẹ́ràn eré ìdárayá tí òun náà fẹ́ràn, òun ló máa gbà pé ó mọṣẹ́. Bí wọ́n bá bi gbogbo èèyàn ní ìbéèrè kan náà, tí wọ́n tò ó bákan náà, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sì fún ìdáhùn ní máàkì kó tó gbọ́ tẹnu èkejì, ìtànjẹ yẹn á dín kù. Ní 1998, àwọn olùṣèwádìí méjì, Frank Schmidt àti John Hunter, kó ìwádìí ọdún 85 lórí bí wọ́n ṣe ń yan òṣìṣẹ́ jọ, wọ́n sì rí i pé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó létò báyìí máa ń fi ẹni tó máa ṣiṣẹ́ dáadáa hàn ju àkúrọ̀sọ lásán lọ. Ní 2022, Paul Sackett àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìṣirò náà ṣe. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà ìyanṣẹ́ tí àwọn ti àkọ́kọ́ gbé ga ló já wálẹ̀, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó létò ló wá bọ́ sókè pátápátá: 0.42 ni tirẹ̀, 0.19 ni ti àkúrọ̀sọ lásán. Ká ní ó jẹ́ 1 ni, á jẹ́ pé kì í tàsé rárá. Bó bá jẹ́ 0, á jẹ́ pé ńṣe lèèyàn kàn dijú mú. O rí i pé kò sí èyí tó sún mọ́ 1 nínú méjèèjì, ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ ò fi í gbára lé ẹyọ kan. Wọ́n máa ń fi iṣẹ́ gan-an kún un, bí wọ́n ṣe fi lẹ́tà márùn-ún kún tìrẹ.

Ohun tí wàá máa ṣe lójoojúmọ́ ni wọ́n fi dán ọ wò, wọ́n sì sanwó rẹ̀. Kì í ṣe àrà tuntun. Ilé iṣẹ́ Automattic tó ni WordPress.com, ibi táwọn èèyàn ti ń ṣe ìkànnì tiwọn, ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Matt Mullenweg tó dá a sílẹ̀ kọ ọ́ ní 2014 pé ẹni tó bá ń wáṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn á kọ́kọ́ bá àwọn ṣe iṣẹ́ gidi fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, dọ́là 25 ní wákàtí kan, ì báà jẹ́ ipò olórí ìṣúná ló ń wá. Tiwọn gùn ju tìrẹ lọ dáadáa, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni: kí wọ́n rí ọwọ́ rẹ lẹ́nu iṣẹ́, kí ìwọ náà sì rí tiwọn.

Owó yẹn, bó ti wù kó kéré mọ, ọ̀rọ̀ ńlá ló ń sọ. Nígbà tí èmi náà ń wáṣẹ́, ilé iṣẹ́ kan ní kí n kọ odindi ètò tí wọ́n á máa fi gba òṣìṣẹ́ sí ẹ̀ka kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́, mi ò fojú kan oorun lálẹ́ ọjọ́ kejì. Mo fi ránṣẹ́, mi ò gbúròó wọn mọ́ títí dòní. Mo kọ̀wé béèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Ohun tó dùn mí jù ni pé mi ò mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà dáa tàbí kò dáa, wọn ò kàn sọ nǹkan kan. Látìgbà náà, ẹnikẹ́ni tí mo bá ń bá gba òṣìṣẹ́, mi ò jẹ́ kó gbé iṣẹ́ ìdánwò tó ju wákàtí méjì lọ síwájú èèyàn láìsanwó, a sì gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tí a ò gbà pé a ò gbà á, ká sì sọ ìdí rẹ̀.

Lẹ́tà kẹta ni mo fẹ́ dúró tì pẹ́. Ìwọ rò pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Lójú tèmi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ gan-an lo ti rí i gbà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, bó bá ṣe àṣìṣe, ẹni tó jókòó tì í á yọjú wò ó, á ní "Dúró ná, tún ibẹ̀ yẹn kà." Ó parí. Ẹni tó ń ti ilé ṣiṣẹ́ ò ní irú alábàájókòó bẹ́ẹ̀. Inú ìwé ló ti ń gba iṣẹ́, inú ìwé ló ti ń jábọ̀, inú ìwé náà ni wọ́n ti máa ń bá a wí. Ìbáwí inú ìwé sì máa ń korò ju ti ẹnu lọ, torí èèyàn ò gbọ́ ohùn, kò rí ojú, ó sì lè tún un kà nígbà ogún lóru. Bí àṣìṣe kan bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, tí ẹni tó ṣe é sì fi pamọ́, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́nikẹ́ni tó mọ̀. Nítorí náà, ohun tí ọ̀gá tó máa gba irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fẹ́ mọ̀ ju ohunkóhun lọ ni èyí: bí mo bá fi àṣìṣe ẹni yìí hàn án, ṣé á bo ara rẹ̀ ni, ṣé á bá mi jiyàn ni, àbí á tún un ṣe? Kò sí ìbéèrè tó lè fi ìyẹn hàn. Àfi kó fi hàn ọ́, kó sì wo ọwọ́ rẹ.

Ìwọ náà, tún lẹ́tà yẹn wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yọ owó ọkùnrin yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ̀wé. Ti owó nìkan lo dáhùn. Lójú ẹni tó ń kàwé kíákíá, ti owó ló ṣe pàtàkì. Lójú ọkùnrin náà, àìdáhùn ló mú kó kọ ìwé kejì. Bí ìlà àkọ́kọ́ bá sọ pé "Ẹ má bínú pé ẹ ti kọ̀wé sí wa tẹ́lẹ̀, tí a ò dá yín lóhùn," ìbínú rẹ̀ á ti rọlẹ̀ kó tó dé orí ọ̀rọ̀ owó. Ìyáàfin yìí rí i, ó sì fi tó ọ létí láìjágbe mọ́ ọ, láìpe ẹlòmíì wá wò ó. Ó jókòó, ẹ jọ kọ ọ́. Ọ̀gá tó bá ní sùúrù báyìí pẹ̀lú ẹni tí kò tíì gbà, mo ní ìrètí tó dára nípa bó ṣe máa ṣe pẹ̀lú ẹni tó ti gbà.

Ó wá ku ohun tí o máa yẹ̀ wò.

Owó ni àkọ́kọ́. Agbanisíṣẹ́ ló ń sanwó fún òṣìṣẹ́. Bí wọ́n bá ní kí o san ohunkóhun, owó fọ́ọ̀mù, owó ẹ̀kọ́ṣẹ́, owó kọ̀ǹpútà tí wọ́n máa dá padà fún ọ, sá. Èyí tó burú jù ni ti ìwé sọ̀wédowó: wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ọ, wọ́n á ní kí o fi í sí báńkì, kí o wá fi owó ibẹ̀ ra irinṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan tí wọ́n mọ̀. Owó náà á kọ́kọ́ fara hàn nínú àkáǹtì rẹ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, báńkì á rí i pé ayédèrú ni, wọ́n á gba owó wọn padà lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó ta irinṣẹ́ ti lọ. Òun gan-an ni olè náà. Tìrẹ yàtọ̀: àwọn ló ti sanwó fún ọ, owó náà sì ti wọlé.

Lẹ́yìn náà, wo àdírẹ́sì íméèlì wọn, ohun tó wà lẹ́yìn àmì @ ni kí o kà, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Má ṣe tẹ ìlujá tí wọ́n fi ránṣẹ́. Fọwọ́ ara rẹ wá ìkànnì ilé iṣẹ́ náà, wá àdírẹ́sì tí wọ́n fi ń gba ìwé níbẹ̀, kí o sì béèrè bóyá àwọn ló kọ lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ. Ilé iṣẹ́ gidi ò ní bínú sí ìyẹn. Àwọn kan máa ń sọ pé bí kò bá ti sí fídíò, jìbìtì ni. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ Automattic tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n sí ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ kíkọ lásán fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò. Nítorí náà, má fi ẹyọ ohun kan dájọ́.

Bí wọ́n bá ní kí o gbé ìwé ìdánimọ̀ rẹ sókè níwájú kámẹ́rà, má kà á sí ìwọ̀sí. Àwọn náà ń bẹ̀rù. Ní oṣù Kẹfà 2022, FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé àwọn kan ń fi ojú àti ohùn ayédèrú wá irú iṣẹ́ báyìí. Fífi hàn lórí fídíò kò burú. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà àkáǹtì báńkì àti ẹ̀dà ìwé ìrìnnà rẹ, ó di ẹ̀yìn ìgbà tí o bá ti rí àdéhùn.

Àdéhùn náà wá ńkọ́? Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ wá níbẹ̀ ni orúkọ ẹni tó ń gbà ọ́, nítorí ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Ó lè jẹ́ ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ó lè jẹ́ alágbàtà tó ní ilé iṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tí o wà, tó gbà ọ́ síṣẹ́ lábẹ́ òfin ibẹ̀ nítorí tiwọn. Deel àti Remote, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2019, wà lára àwọn tó ń ṣe é. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, má jáyà pé orúkọ tó wà lórí ìwé yàtọ̀ sí èyí tí o mọ̀. Bi ilé iṣẹ́ náà, kí wọ́n jẹ́rìí sí i. Ọ̀nà kẹta ni pé kí o jẹ́ agbaṣẹ́ṣe. Ìyẹn ni pé ìwọ lo máa san owó orí rẹ, ìwọ lo máa tọ́jú owó ọjọ́ ogbó rẹ, àfi bí àdéhùn bá sì sọ ọ́, o lè má ní ìsinmi tí wọ́n ń sanwó fún. Bí ilé iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, tí ìwọ kì í sì í ṣe ọmọ ibẹ̀, wọ́n á ní kí o kọ fọ́ọ̀mù W-8BEN. Fọ́ọ̀mù gidi ni, ẹ̀rí pé o kì í ṣe ará Amẹ́ríkà ni. Iye kan náà nínú ọ̀nà kejì àti ẹ̀kẹta kì í ṣe owó kan náà rárá, nítorí náà béèrè kó tó di pé o bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ohun tí wàá fi rà.

Wo owó orílẹ̀-èdè tí wọ́n máa fi sanwó fún ọ, ẹni tó máa gbé owó ìfiránṣẹ́, iye ọjọ́ tí ẹnì kan máa fi ta ẹnì kejì lólobó kó tó fòpin sí àdéhùn, gígùn àkókò ìdánwò, ẹni tó ni kọ̀ǹpútà.

Kí o sì wo wákàtí. Ní kí wọ́n fi UTC kọ ọ́, ìyẹn aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé, torí UTC kì í yí padà. Amẹ́ríkà máa ń sún aago síwájú ní wákàtí kan ní ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kẹta. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ń dúró di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta yẹn, ìpàdé tó bọ́ sí àkókò kan náà látọdún á kàn ṣípò mọ́ ọ lọ́wọ́. Ó ṣe mí rí. Wákàtí kan gbáko ni mo fi pẹ́ dé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan nínú oṣù Kẹta, mo ti jókòó síwájú kámẹ́rà, mo ti wọ aṣọ, mò ń wo ojú ìwé òfìfo. Mo kọ̀wé tọrọ àforíjì. Èsì tí mo rí gbà ni pé "Àwa la jẹ̀bi, a ò kọ ọ́ ní UTC. Ṣé ọ̀la ní àkókò kan náà rọ̀ ọ́ lọ́rùn?" Ọdún mẹ́rin ni mo fi bá wọn ṣiṣẹ́.

Ní ti iye owó oṣù, wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ fún ọ nígbà tí wọ́n kọ ọ́ sínú ìkéde. Òfin ń tì í lẹ́yìn níbi púpọ̀ báyìí: ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi dandan lé e ní 2021, Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ṣe àṣẹ tirẹ̀ ní 2023, tó tún kà á léèwọ̀ kí agbanisíṣẹ́ bi èèyàn ní iye tó ń gbà tẹ́lẹ̀. O ò sọ ibi tí iye tí wọ́n fún ọ bọ́ sí. Bó bá wà nísàlẹ̀, béèrè láìbẹ̀rù pé kí ló gbé e síbẹ̀, kí ni o sì máa ṣe tó fi máa gòkè. Àwọn ilé iṣẹ́ kan, bíi GitLab, máa ń wo ibi tí èèyàn ń gbé. 37signals ní tiwọn sọ pé iye kan náà làwọn ń san níbi gbogbo. Mọ èyí tí tìrẹ jẹ́. Bó bá wà láàárín, tí ó sì tó ọ, mo rò pé kí o gbà á. Má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ọ pé dandan ni kéèyàn nájà.

Kí o tó tọwọ́ bọ̀wé, tọrọ ìṣẹ́jú 20 lọ́wọ́ wọn láti bá òṣìṣẹ́ kan sọ̀rọ̀, ẹni tí kò sí nínú àwọn tó fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò. Bi í pé: bí o bá kọ ìbéèrè sílẹ̀ láàárọ̀, ìgbà wo lo sábà ń rí èsì? Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ ní oṣù àkọ́kọ́? Ìgbà wo lo gba ìsinmi kẹ́yìn, ṣé wọ́n pè ọ́ nínú rẹ̀? Fetí sí bó ṣe yára dáhùn ìbéèrè kẹta yẹn.

Bí gbogbo rẹ̀ bá dọ́gba, kọ èsì rẹ lónìí. Kí ìyáàfin yẹn, sọ fún un pé o gbà. Kí o sì fi gbólóhùn kan kún un pé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, o máa fẹ́ kí ẹ jọ ṣí lẹ́tà kẹrin àti ìkarùn-ún, nítorí ẹ ò tíì dé orí wọn.